Bí A Ó Ṣe Rántí Bàbá Àwọn Ọmọ: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Opó Kan ní Èbúté Mẹ́ta

Ọmọ mi, o kú ọ̀fọ̀, o sì kú ará fẹ́raakù.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà rẹ kí n tó mú bírò. O ní ọkọ rẹ, tí ó ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì kan ní Marina láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, kì í gbélé bí ọjọ́ Àbámẹ́ta bá ti mọ́. Òun àti àwọn ọmọ yín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n jọ ń jáde, wọ́n á lọ fi ìwọ̀ pẹja létí ọ̀sà, tàbí kí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí etíkun Tarkwa Bay. Oṣù Ṣẹ́rẹ́ tí ó ń bọ̀ yìí ni yóò pé ọdún kan tí ẹ̀jẹ̀ ríru mú un lọ lójijì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kí ẹ gba gbọ̀ngàn, kí ẹ sì yan aṣọ ẹbí. Ìwọ fẹ́ kó àwọn ọmọ jáde lọ sí ibi tí bàbá wọn fẹ́ràn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà ọ́ pé wọn yóò sọ pé o kò ka ọkọ rẹ sí. O ní ọmọkùnrin rẹ, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 11, gbé ọ̀pá ìwọ̀ bàbá rẹ̀ sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìwọ náà ti bàtà ọkọ rẹ mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù láìfọ̀ ọ́, nítorí pé ẹrẹ̀ ìrìn tí ẹ jọ rìn kẹ́yìn ṣì gbẹ mọ́ ìdí rẹ̀.

Má fọ bàtà náà.

Wọ́n fọ ti bàbá tèmi ni mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Ìta Fájì ni a ń gbé, bàbá mi a sì máa mú wa rìn lọ sí Marina ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí omi ṣì wà nítòsí, kí wọ́n tó rọ yanrìn dí etí rẹ̀ láti fi la títì. Nígbà tí ó kú, àwọn àgbà ilé, tí wọ́n rò pé àánú ni wọ́n ń ṣe wá, kó gbogbo ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n sì kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ rẹ̀ lójú àwa ọmọdé. A kò sunkún lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lónìí, bí mo bá di ojú, mo lè rí fìlà rẹ̀, n kò lè gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́, nítorí pé kò sí ẹni tí ó bá wa sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà tí ohùn náà ṣì wà létí wa.

O ṣàròyé pé ọmọkùnrin rẹ kì í sọ̀rọ̀, àfi ìgbà kan tí ó sọ fún àbúrò rẹ̀ pé ewéko tí ó bo ojú ọ̀sà yóò kú láìpẹ́, nítorí pé omi iyọ̀ ń bọ̀. Òótọ́ ni ó sọ. Nígbà òjò, omi odò a máa ya wọ inú ọ̀sà Èkó, ewéko náà a sì bá a wá. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí omi odò fà, omi òkun a wọlé, iyọ̀ a sì pa ewéko náà. Ọmọ ọdún 11 kò lè jókòó sínú yàrá kí ó mọ èyí. Ẹnì kan ni ó dúró tì í létí omi, tí ó nawọ́ sí i fún un. Àwọn àgbà ní ẹni ọmọ sin ló bímọ, mo sì gbà pé ọmọ tí ó ń sọ ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ báyìí ti ń sin bàbá rẹ̀, yálà ẹ gba gbọ̀ngàn tàbí ẹ kò gbà á.

Ní ti ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ, má bá a sọ ọ́ lórí fóònù. Lọ bá a nílé, kúnlẹ̀, kí o sì rántí pé àbúrò rẹ̀ ni ó kú. Ó lè jẹ́ pé ariwo àsè ni òun fẹ́ fi bo ẹkún tirẹ̀. Sọ fún un láìfi bò pé oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni wọn yóò gba owó ilé-ìwé sáà kejì, àti pé agbára rẹ kò ká ìyẹn àti aṣọ ẹbí pọ̀. Bẹ̀ ẹ́ pé kí ẹ ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, kí ẹ se oúnjẹ nílé fún ẹbí, kí ó sì yọ̀ǹda ọjọ́ Àbámẹ́ta fún ìwọ àti àwọn ọmọ. Èmi ìbá pe òun náà kí ó bá wa lọ.

Níwọ̀n bí àbíkẹ́yìn rẹ ti ń bẹ̀rù omi báyìí, má fi ọkọ̀ ojú omi bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ọgbà ìdáàbòbò igbó àti ẹranko tí ó wà ní Lẹ́kkí, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990. Ilẹ̀ ibẹ̀ fẹ̀ tó hẹ́kítà 78, àwọn ọ̀bọ ń bẹ níbẹ̀, afárá tí wọ́n fi okùn ta sókè láàárín àwọn igi sì gùn tó mítà 401. O ní ọkọ rẹ a máa ka ìgbésẹ̀ sókè lórí afárá yẹn kí ẹ̀rù má baà ba àwọn ọmọ. Jẹ́ kí ọmọbìnrin rẹ àgbà kà á lọ́tẹ̀ yìí. Ọyẹ́ yóò ti dé nígbà náà, lékèélékèé yóò sì wà káàkiri. Bí àbíkẹ́yìn bá na ìka sí wọn kí wọ́n fún un ní èékánná funfun, bá a nà án. Tarkwa Bay lè dúró di ìgbà mìíràn, nítorí pé omi nìkan ni ọ̀nà ibẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá sì lọ, kí olúkúlùkù yín wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, kí ẹ sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

O ní kí n kọ́ ọ bí o kò ṣe ní sunkún lójú wọn. N kò ní kọ́ ọ. Bí ẹkún bá dé lórí afárá, di okùn mú, kí o sun ún, kí o nu ojú, kí ẹ sì máa rìn lọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí ẹ tó lọ, jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ọmọkùnrin rẹ. Má bi í ní ìdí tí ó fi gbé ọ̀pá náà pamọ́. Sọ fún un pé tirẹ̀ ni, kí o sì ní kí ó kọ́ ọ bí a ṣe ń so ìwọ̀ mọ́ okùn, nítorí o sọ fún mi pé o kò mọ̀ ọ́n so. Bí ọwọ́ rẹ bá ń gbọ̀n, jẹ́ kí ó bá ọ tún un so. Ẹ mú ọsàn dání lọ́jọ́ kejì bí bàbá wọn ti máa ń ṣe, kí o sì kọ̀wé sí mi bí ẹ bá dé.