Ẹ Béèrè Lọ́wọ́ Bàbá MP: Sójà lu àbúrò mi, ta ló máa mú un?

Ìbéèrè: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Lóṣù tó kọjá, sójà kan lu àbúrò mi tó jẹ́ jórinjórin, torí pé ó lọ béèrè ìyókù owó géètì tó bá a ṣe. Eyín rẹ̀ méjì ló yọ. Ní téṣàn, wọ́n ní ọ̀rọ̀ sójà kọjá tàwọn, ká lọ sí bárékè. Ní géètì bárékè, wọ́n ní ká padà sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ibo la fẹ́ gbà? — Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú àfaradà. Ẹ bá mi kí àbúrò yín. Òfin tó de àwọn ológun, ìyẹn Armed Forces Act, kò gba sójà sílẹ̀ lọ́wọ́ kóòtù ìlú. Ilé ẹjọ́ ológun lè gbọ́ ẹjọ́ yìí, kóòtù ìlú náà lè gbọ́ ọ. Ẹ̀rù ló ń ba ọlọ́pàá yín. Mi ò dá a láre, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí ẹ̀rù náà ti wá. Ní Oṣù Kẹjọ ọdún 2019, ní Ibi, ìpínlẹ̀ Taraba, àwọn sójà yìnbọn lu àwọn ọlọ́pàá tó lọ mú Hamisu Wadume, ọkùnrin tí wọ́n fẹ̀sùn ìjínigbé kàn. Ọlọ́pàá 3 kú. Wọ́n fi sójà 10 sínú ìwé ẹ̀sùn ní kóòtù. Nígbà tó di 2020, ìjọba yọ orúkọ wọn, ó ní káwọn ológun fúnra wọn bá wọn ṣẹjọ́.

Ọdún 18 ni mo fi dé bẹ́ẹ̀rẹ́ pupa MP, ìyẹn ọlọ́pàá àwọn ológun. Àwa MP a máa mú èèyàn, a máa gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n C.O. sójà náà, ìyẹn ọ̀gá tó ń darí ẹ̀ka rẹ̀, la máa kó ìwé fún, òun ló sì máa sọ bóyá ẹjọ́ wà. Mo mú ẹnì kan rí tó fi ìdí ìbọn la orí ọlọ́kadà. Ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lára igi ìbọn náà nígbà tí mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kọ ojú ewé 4. Ọ̀gá rẹ̀ ti ìwé náà sábẹ́ fáìlì. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ti gbé sójà náà lọ sí Maiduguri, wọ́n gbé ẹlẹ́rìí mi kan ṣoṣo lọ síbòmíì. Ó ń dùn mí dòní.

Nítorí náà, ẹ má fẹnu sọ ọ́ ní géètì mọ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: orúkọ tó wà láyà aṣọ sójà tó lu àbúrò yín, ibi tó ti ń ṣiṣẹ́, ọjọ́, àsìkò, ẹ so ìwé dókítà mọ́ ọn. Ọ̀kan fún C.O., ọ̀kan fún MP, ọ̀kan fún DPO, kí wọ́n sì buwọ́ lu èyí tó máa wà lọ́wọ́ yín. Ẹ má fi falẹ̀ o. Bí sójà náà bá fiṣẹ́ ológun sílẹ̀, oṣù 3 péré ni ilé ẹjọ́ wọn ní láti bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ku kóòtù ìlú. Àbúrò yín ni kó fọwọ́ sí ìwé náà, kì í ṣe ẹ̀yin. Òun ni wọ́n lù.