Kí ló mú kí Daredevil, ìwé ìtàn alájẹmáwòrán (comics) tí ilé iṣẹ́ Marvel tún bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2011, dára tó bẹ́ẹ̀: ìtàn ni àbí àwòrán?

Méjèèjì ni, ṣùgbọ́n bó bá di dandan kí n mú ọ̀kan, àwòrán ni mo máa mú.

Mark Waid ló kọ ìtàn náà. Kó tó gbà á, ó ti pẹ́ tí ìtàn akọni afọ́jú yìí ti kún fún òkùnkùn àti ìbànújẹ́. Waid kò pa ìyà tí akọni náà ti jẹ sẹ́yìn rẹ́. Ó kàn jẹ́ kí Matt Murdock, ìyẹn Daredevil fúnra rẹ̀, pinnu fúnra rẹ̀ pé òun fẹ́ máa rẹ́rìn-ín.

Àmọ́, báwo lèèyàn ṣe ń ya ohun tí afọ́jú ń gbọ́? Ibẹ̀ ni àwọn ayàwòrán rẹ̀, Paolo Rivera àti Marcos Martín, ti ṣe bẹbẹ. Ẹ wo èèpo iwájú ẹ̀dà kìíní: ọ̀rọ̀ tó ń dún bí ìró ni Rivera tò pọ̀ tó fi di ìlú tó wà lẹ́yìn akọni náà! Nínú ìwé, ìlà tín-ín-rín tó yí ara nǹkan po ló ń fi ohun tí Matt ń mọ̀ lára láìfojú rí i hàn wá. Joe, bàbá Rivera, ló ń fi yíǹkì tẹ ìlà ọmọ rẹ̀, ohun tó wú mi lórí gan-an. Ayàwòrán mìíràn, Chris Samnee, dara pọ̀ mọ́ wọn láti ẹ̀dà 12.

Lọ́dún 2012, ìwé Daredevil yìí gba ẹ̀bùn Eisner, ẹ̀bùn ńlá fún irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, fún ìwé àtìgbàdégbà tó dára jù. Ẹ̀dà 7, níbi tí Matt àtàwọn ọmọ afọ́jú kan ti há sínú yìnyín, gba tirẹ̀ lọ́tọ̀.