Ọjọ́ mẹ́ta ní Madrid pẹ̀lú ìbejì àti ìyá àgbà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí. Manchester ni mò ń gbé. Nígbà ìsinmi ìparí oṣù Karùn-ún, èmi, àwọn ìbejì mi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àti ìyá ọkọ mi tí orúnkún ń dà láàmú, ń lọ lo ọjọ́ mẹ́ta ní Madrid. Gbogbo ibi tí mo kà nípa rẹ̀ ni wọ́n ní a ò gbọ́dọ̀ má dé. Èwo ni ká lọ, èwo ni ká fi sílẹ̀?

Ẹ kú ìmúra ìrìn àjò, Ìyá Ìbejì. Ẹ bá mi kí Màmá. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń gbé Getafe, ẹ̀gbẹ́ Madrid níbí, ọmọ mẹ́ta ni mo sì ti fà káàkiri ìlú náà. Ibì kan láàárọ̀, ibì kan nírọ̀lẹ́, ó tó. Ẹ fi ọ̀sán sinmi. Oòrùn ibí kì í ṣe ti Manchester.

Prado, ilé ìṣàfihàn àwòrán, ni kí ẹ fi ṣáájú. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kì í sanwó. Àgbà náà kì í san láti aago mẹ́fà sí mẹ́jọ alẹ́, Mọ́ńdè sí Sátidé, àmọ́ ìlà ìgbà náà a máa gùn. Ẹ má wulẹ̀ ní ẹ fẹ́ rí gbogbo ilé yẹn o. Àwòrán méjì péré. Àkọ́kọ́ ni Las Meninas tí Velázquez yà ní 1656. Ẹ ní kí ìbejì wá ọba níbẹ̀. Wọ́n á rí ọmọ ọba obìnrin, wọ́n á rí ajá ńlá tí ẹnì kan ń fẹsẹ̀ tì, wọ́n á rí ayàwòrán fúnra rẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Inú dígí kékeré kan lẹ́yìn pátápátá ni ọba àti ayaba wà.

Ìkejì gan-an ni mo tìtorí rẹ̀ jókòó kọ èyí. Velázquez ní ẹrú kan, Juan de Pareja, tí ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà wà lára rẹ̀. Ní 1650 ló kọ ìwé òmìnira fún un. Pareja di ayàwòrán lórúkọ ara rẹ̀, ó sì ya bí Jésù ṣe pe Mátíù ní 1661. Ó ya ara rẹ̀ sí ìkangun òsì: ó múra dáadáa, ó dúró ṣánṣán, ó mú bébà tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀ dání, ó tẹjú mọ́ ẹni tó ń wò ó. Ọmọ mi kejì wò ó títí, ó ní, "Dádì, ó jọ ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní Ìlọrin." Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ó wà lára ògiri lọ́jọ́ náà, wọ́n máa ń pààrọ̀ àwòrán. Wọn ò gba fọ́tò yíyà o.

Ọgbà Retiro ni Màmá máa gbádùn jù. Ìjókòó wà lábẹ́ igi, ẹ̀yin àtàwọn ọmọ á máa wa ọkọ̀ lórí adágún níwájú rẹ̀.

Ààfin ọba ní yàrá tó ju 3,000 lọ, orúnkún ò gbà á. Ọba gan-an ò gbé ibẹ̀. Ẹ wò ó láti ìta, kí ẹ wọ takisí lọ sí Templo de Debod, tẹ́ńpìlì Íjíbítì tó ti lé ní 2,000 ọdún. Nígbà tí omi ìdídò Aswan fẹ́ bo àwọn ilé àtijọ́ wọn, Sípéènì wà lára àwọn tó gbà wọ́n sílẹ̀, ni Íjíbítì bá fi èyí dúpẹ́ ní 1968. Wọ́n tú u ní òkúta-òkúta, wọ́n tún un tò síbí. Ẹ débẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án alẹ́ tó lù. Oòrùn á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wọ̀.

Àwòrán Guernica tí Picasso yà wà ní Reina Sofía, ilé ìṣàfihàn àwòrán mìíràn, tí ẹsẹ̀ bá ṣì gbé yín. Wọn kì í ṣí ní Túsìdeè.

Ní Puerta del Sol, gbàgede kan láàárín ìlú, òkúta kan wà lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ka kìlómítà àwọn títì ńlá Sípéènì. Kí Táíwò fi ẹsẹ̀ kan síbẹ̀, kí Kẹ́hìndé fi ọ̀kan. Ibẹ̀ ni afọwọ́rá ti yọ pọ́ọ̀sì lápò mi bí mo ṣe ń ya àwọn ọmọ ní fọ́tò, nítorí náà, àyà ni kí ẹ gbé báàgì kọ́. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì ju métírò lọ, torí kì í ṣe gbogbo ibùdókọ̀ métírò ló ní lífítì.

Ẹ ra churros, ìyẹ̀fun pípò tí wọ́n dín, fún wọn, ẹ sì kìlọ̀ fún Màmá pé ṣokoléètì tí wọ́n máa bù síwájú rẹ̀ ki bí ẹ̀kọ gbígbóná. Rírì ni wọ́n ń ri churros bọ̀ ọ́.