Ṣé omi híhó ń pa énsáìmù inú ọṣẹ ìfọṣọ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ni mò ń ṣe. Wọ́n kọ ọ́ sára ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú tí mo ń rà báyìí pé énsáìmù wà nínú rẹ̀, pé kí a má fi omi híhó pò ó. Omi híhó sì ni ọ̀gá mi fi kọ́ mi níṣẹ́. Àbúrò mi tó wà ní láàbù ní irọ́ ni, pé énsáìmù táwọn ń lò ń wọ 95°C láìkú. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Ẹ̀jẹ̀ kì í sì í kúrò lára aṣọ bó ti wù kí omi mi gbóná tó.

ÌDÁHÙN: Ohun tó wà lára ọṣẹ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Àbúrò yín náà kò purọ́ o. Énsáìmù tiwọn ló yàtọ̀ sí tiyín.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti ẹ̀jẹ̀. Purotéènì ni énsáìmù. Ó gùn, ó sì ká ara rẹ̀ jọ lọ́nà kan pàtó. Kíká yẹn ló fi ń di ìdọ̀tí mú, tó fi ń gé e wẹ́wẹ́. Bí ooru bá pọ̀ jù, kíká náà á tú, á wá dì bí funfun ẹyin tí a sè. Bí omi tilẹ̀ padà tutù, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Purotéènì ló kún inú ẹ̀jẹ̀ náà. Omi híhó yín ń se ẹ̀jẹ̀ mọ́ aṣọ lára, ó tún ń pa ohun tí ì bá gé e kúrò.

Taq ni ti láàbù ń jẹ́. Inú bakitéríà Thermus aquaticus ni wọ́n ti rí i, èyí tí Thomas Brock àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Hudson Freeze, bá nínú ìsun omi gbígbóná ní Yellowstone, Amẹ́ríkà, ní ọdún 1966. Òun ni wọ́n fi ń ṣe PCR, iṣẹ́ sísọ DNA di púpọ̀, irú èyí tí wọ́n fi yẹ Kòfíìdì wò. Kí Taq tó dé, énsáìmù E. coli, bakitéríà inú ìfun, ni wọ́n ń lò. Gbogbo ìgbà tí ooru bá ti lọ sókè ló ń kú, tí wọ́n á tún da òmíràn sí i. Ẹ bá mi sọ fún àbúrò yín ṣá pé Taq náà ń kú díẹ̀díẹ̀: ní 95°C, láàárín nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú, ìdajì agbára rẹ̀ ti lọ.

Ámínò ásíìdì ni àwọn ègé kéékèèké tí a tò pọ̀ di purotéènì. Irú 20 tó wà nínú purotéènì tiwa náà ló wà nínú Taq. Títò wọn ló yàtọ̀. Inú énsáìmù àwọn kòkòrò omi gbígbóná há pinpin, àlàfo kò pọ̀ níbẹ̀, ibi tó ní agbára iná mànàmáná pọ́sítíìfù sì so mọ́ ibi tó ní ti nẹ́gátíìfù lọ́pọ̀lọ́pọ̀. Ooru kò lè tètè tú u. Ṣùgbọ́n énsáìmù gbọ́dọ̀ lè mira díẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́, líle yìí kò sì gbà fún un nínú omi tútù. Taq tó ń sáré ní 75°C sí 80°C, títòògbé ló ń tòògbé nínú yàrá lásán. Ti àwọn kòkòrò inú òkun Antarctica, níbi tí omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di yìnyín, wá yí i padà: ìsokọ́ra wọn dẹ̀, wọ́n ń ṣiṣẹ́ nínú òtútù, àmọ́ omi tó kàn gbóná díẹ̀ lè tú òmíràn nínú wọn ká. Nínú àwọn tó wá láti ara ẹ̀dá, ó ṣọ̀wọ́n kí a rí èyí tó mọ méjèèjì ṣe dáadáa.

Bakitéríà inú ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Bacillus ni wọ́n ti sábà ń mú èyí tó ń gé ẹ̀jẹ̀ nínú ọṣẹ. Àwọn ilé iṣẹ́ á wá pààrọ̀ ámínò ásíìdì rẹ̀ níhìn-ín lọ́hùn-ún kó lè bá omi tútù mu.

Nítorí náà, ẹ fi omi tútù ṣan ẹ̀jẹ̀ kúrò ná. Ẹ wá po ọṣẹ sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, 30°C sí 40°C, tí ọwọ́ yín lè wà nínú rẹ̀ láìta, kí ẹ rẹ aṣọ sí i fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan kí ẹ tó bo ó. Ẹ má da bílíìṣì sí i, ó ń pa énsáìmù. Àbàwọ́n bí epo pupa máa ń fẹ́ kí omi gbóná díẹ̀ sí i kó lè yọ́, kò sì ní kó hó.

Bí oníbàárà bá gbé sányán gidi wá, ẹ má fi ọṣẹ yìí kàn án rárá. Òwú kòkòrò ni, purotéènì ni, énsáìmù tó ń gé ẹ̀jẹ̀ á gé òun náà. Ọṣẹ tí kò ní énsáìmù ni kí ẹ wá fún un.