Orúkọ tí ọmọ mi rí nínú ìwé ìhágún ní Virginia

Ìbéèrè: Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Òyìnbó Amẹ́ríkà ni ọkọ mi, àwọn ará ilé rẹ̀ sì máa ń sọ pé baba ńlá wọn wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ tẹ̀dó sí Virginia. Ọmọbìnrin wa, ọmọ ọdún 11, fẹ́ tọpasẹ̀ wọn. Níbo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Arábìnrin mi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Virginia ni àwọn àna tèmi náà ti wá. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n ní ó bá ọkọ̀ dé Jamestown ní 1607. Ọ̀dọ̀ ọmọ yín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa gòkè láti ìran dé ìran, pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ìkànìyàn 1850 ni ó kọ́kọ́ dárúkọ gbogbo ẹni tí kì í ṣe ẹrú nínú ilé. Láti 1790 sí 1840, orúkọ olórí ilé nìkan ni wọ́n ń kọ. Ṣáájú ìyẹn, ìwé ilẹ̀ àti ìwé ìhágún ni ó kù, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí àwọn káúńtì kan (bí ìjọba ìbílẹ̀ ni káúńtì rí) kó lọ pamọ́ sí Richmond, olú-ìlú Virginia, jóná níbẹ̀ ní 1865.

Inú ìwé ìhágún ni ọ̀rọ̀ tèmi ti wá. Ọmọ ọdún 12 ni ọmọkùnrin mi nígbà náà. Ó rí èyí tí baba ńlá ọkọ mi kan kọ ṣáájú 1776, ó sì ń kà á sí mi létí bí mo ti ń ro àmàlà: ibùsùn fún àkọ́bí, màlúù fún ìyàwó, obìnrin kan tí kò ní ju orúkọ kan lọ, pẹ̀lú gbogbo ọmọ tí ó bá bí lọ́jọ́ iwájú, fún ọmọbìnrin. Ó dákẹ́, ó wá bi mí pé, "Màmá, ṣé láti ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti mú un?" Mo pa kọ̀ǹpútà dé, mo ní kí ó wá jẹun, mo sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ sọ ọ́ létí bàbá ọkọ mi.

Mo ti wá mọ̀ báyìí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó lọ sí Virginia wá láti ìhà ilẹ̀ Ìgbò, Sẹnẹgáḿbíà àti Àǹgólà, àti pé Bràsíl àti Kúbà ni wọ́n kó àwọn tiwa lọ jù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn gan-an ni ọmọ náà ń bi mí. Ó ti di ọmọ ogún ọdún, ó lè ka ìran 11 ní ìdí baba rẹ̀. Ní tèmi, ọ̀dọ̀ bàbá mi ni ó ń dúró sí. Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe láwọn ọdún wọ̀nyẹn, kì í ṣe pé mo kọ̀ láti kọ́ ọ. Síbẹ̀, ìyá mi mọ oríkì ilé wa tinú-tẹ̀yìn, ó sì wà láàyè ní Ìwó lálẹ́ ọjọ́ yẹn. N kò pè é.

Bí ọmọ yín bá kan irú orúkọ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọdún àti káúńtì, nítorí ìkànìyàn 1870 ni ó kọ́kọ́ dárúkọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ti jẹ́ ẹrú, àwọn ọmọ ọmọ obìnrin náà sì lè máa wá a títí di òní. Orúkọ tí ọmọ mi rí, n kò kọ ọ́ sílẹ̀.