Kẹ́ ẹ tó fi wáìnì ìlú kan wé ti òmíràn, ẹ wádìí ọ̀nà tí igò yẹn gbà dé

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ka ìbéèrè yín láti Oǹdó pé ẹ̀yin mẹ́jọ fẹ́ kóra jọ sí Àkúrẹ́ lóṣù tó ń bọ̀, kẹ́ ẹ tọ́ wáìnì pupa àti funfun láti ilẹ̀ oríṣiríṣi wò, kẹ́ ẹ sì fi wọ́n wéra. Ẹ ní igò mélòó ló máa tó, àti pé ṣé pupa ni kó ṣáájú ni àbí funfun. Ìyẹn ò le. Funfun ló ń ṣáájú pupa, èyí tó fúyẹ́ ṣáájú èyí tó ki, èyí tí kò dùn ṣáájú èyí tó dùn. Ohun tẹ́ ẹ ò béèrè ni mo fẹ́ bá yín sọ, torí òun ló fìyà jẹ wá.

Ní oṣù kẹta ọdún 2022, àwa mẹ́sàn-án dáwó jọ, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Mo lọ sí Èkó fúnra mi, mo ra igò méjìlá: Bordeaux tó jẹ́ pupa àti Chablis tó jẹ́ funfun láti ilẹ̀ Faransé, Rioja láti Sípéènì, àti oríṣi mélòó kan láti Stellenbosch ní South Africa. Mo tò wọ́n sínú páálí, mo fi ìwé ìròyìn há àárín wọn kí wọ́n má baà kọlu ara wọn, mo wọ ọkọ̀ ìdájí. Ká ní ọ̀nà dáa, mi ò bá ti wà nílé kí aago kan ọ̀sán tó lù. Ṣùgbọ́n kí á tó wọ ìlú Oǹdó, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kan dá wa dúró. Wọ́n ṣí búùtù, wọ́n rí páálí, wọ́n ní ta ló ni ín. Mo ní èmi ni. Wọ́n ní ọtí òkèèrè tó pọ̀ tó báyìí, títà ni mo fẹ́ tà á, ìwé ẹ̀ dà? Mo fi rìsíìtì hàn wọ́n. Wọ́n ní rìsíìtì kọ́ làwọn ń bèèrè. Ìwé wo wá ni? Títí di òní, kò sẹ́ni tó dárúkọ ìwé náà fún mi nínú wọn.

Wọ́n gbé páálí mi kalẹ̀ sórí títì ọlọ́dà. Awakọ̀ ò lè dúró, ó kó àwọn èrò yòókù lọ. Aago mọ́kànlá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni. Igi dóńgóyárò kan wà nítòsí ibẹ̀, mo gbé páálí sábẹ́ ẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní kí n gbé e padà síbi tójú òun ti máa tó o. Mo ra omi inú ọ̀rá mẹ́ta, mo dà á sórí táwẹ́ẹ̀lì mi, mo fi bo àwọn igò náà. Ó wá, ó ká táwẹ́ẹ̀lì kúrò, ó ní kí ni mò ń fi pamọ́. Nígbà tí mo fọwọ́ kan ọrùn igò Chablis kan, ó gbóná bí ife tíì. Mo bẹ̀ wọ́n, mo ṣàlàyé pé wáìnì ò gba oòrùn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Aago mẹ́rin ku díẹ̀ kí wọ́n tó ní kí n máa lọ. Wọn ò sọ ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ṣẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ kan ti fi odidi ọdún kan tọ́jú àjàrà yẹn, wọ́n tún ti rọra tọ́jú ọtí inú ẹ̀ fún ọdún mélòó kan sí i, àwọn tí wọn ò mọ̀ ju kí wọ́n dá èèyàn dúró lọ sì fi wákàtí márùn-ún bà á jẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Bí mo ṣe délé, mo kó gbogbo ẹ̀ sínú firísà, mo rò pé òtútù á tún un ṣe. Kò sóhun tí òtútù lè rí tún ṣe mọ́. Tí wáìnì bá gbóná, ó máa ń wú, á máa ti kọ́ọ̀kì tó dé ẹnu igò sókè. Tó bá wá tutù, á sún kì, afẹ́fẹ́ á sì rí àyè gba ẹ̀gbẹ́ kọ́ọ̀kì wọlé. Inú búùtù ọkọ̀ tó dúró sóòrùn lè gbóná kọjá 45 dígíríì, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ibi tí wáìnì fẹ́ máa gbé kò ju nǹkan bíi 12 sí 15 lọ. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó igò kankan, ẹ fi àtàǹpàkò fọwọ́ tọ́ orí ẹ̀. Tí kọ́ọ̀kì bá ti yọrí sókè lábẹ́ bébà tó bò ó, tàbí tí ọtí bá ti jò jáde tó ń lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ dá a padà. Wáìnì funfun tí kò tíì pẹ́ tó ti wá pọ́n bí epo ẹ̀pà, ẹ má rà á.

Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé, a pàdé nílé ọ̀rẹ́ wa kan ní Alágbàkà. A ti pe ọ̀gbẹ́ni kan tó pe ara ẹ̀ ní onímọ̀ wáìnì, a sanwó fún un, a tún sanwó ọkọ̀ ẹ̀. Ó ka àkọlé igò àkọ́kọ́ síta, ó yí gíláàsì, ó gbóòórùn, ó ní òórùn nǹkan yíyan tí òun ń gbọ́ yẹn, ilẹ̀ tí wọ́n ti gbin àjàrà náà ló ti wá. Ó sọ bẹ́ẹ̀ nípa Bordeaux. Ó sọ bẹ́ẹ̀ nípa Rioja. Ìgbà tó tún sọ ọ́ nípa ti Stellenbosch, ọ̀kan nínú wa bi í pé báwo ni ilẹ̀ mẹ́ta tó jìnnà síra wọn tó bẹ́ẹ̀ ṣe ń rùn bákan náà. Ó ní imú wa ò tíì gbọ́n tó. Gbogbo wa dákẹ́. Àgbàlagbà tó ti náwó, tó ti jókòó láti kẹ́kọ̀ọ́, wọ́n wá ń sọ fún un pé imú ẹ̀ ò gbọ́n.

Ìyá ìyàwó onílé ló yọ wá. Màmá yìí ti ta ògùrọ̀ àti ẹmu ọ̀pẹ lọ́jà ní Àkúrẹ́ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Oúnjẹ ni wọ́n gbé wọlé, ni a bá bu díẹ̀ nínú wáìnì náà fún wọn. Wọn ò yí gíláàsì, wọn ò ka àkọlé. Wọ́n gbóòórùn ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n fi kan ahọ́n, wọ́n gbé e kalẹ̀. Wọ́n ní: “Ọtí yìí ti rí oòrùn. Ẹ ò gbọ́ ọ bí, bí ọbẹ̀ tòmátì tó jóná nídìí ìkòkò?” Bó ṣe rí gan-an nìyẹn! Láti ìgbà tí wọ́n ti sọ ọ́, mi ò tún gbọ́ òórùn mìíràn mọ́ nínú gíláàsì yẹn.

Onímọ̀ wa ò gbà. Ó ní ooru kì í ba wáìnì jẹ́, pé ṣebí wọ́n máa ń se wáìnì Madeira, ti erékùṣù ilẹ̀ Pọtogí yẹn. Òótọ́ ni pé wọ́n ń fi ooru ṣe Madeira. Láyé àtijọ́, inú ọkọ̀ òkun tó ń gba ilẹ̀ olóoru kọjá ni wọ́n ti rí i pé ó ń dáa sí i, lóde òní wọ́n lè fi í sínú ooru bíi 45 sí 50 dígíríì fún oṣù mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ọtí líle ni wọ́n ti dà sínú Madeira tẹ́lẹ̀ kó lè fara da ìyẹn. Ṣé irú ẹ̀ wá ni Chablis tí kò ní ju ọtí inú ara ẹ̀ lọ? Èèyàn tó mọ ìdajì ọ̀rọ̀, tó wá ń fi pa ẹlòmíràn lẹ́nu mọ́, ó burú ju ẹni tí kò mọ nǹkan kan lọ.

Ó ku igò Bordeaux kan tí a ò ṣí. Ní oṣù Kejìlá, mo rí èyí tó jẹ́ àkọlé kan náà, ọdún kan náà, ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọn kì í pa ẹ̀rọ amúlétutù wọn. Mo rà á, mo sì ṣí méjèèjì pọ̀. Tuntun yẹn, ẹ̀gbọ́n, ẹ máa gbọ́ èso nínú ẹ̀, ẹ máa gbọ́ igi, ó ń mú ẹnu gbẹ díẹ̀ bí obì, omi tún ń sun lẹ́bàá ahọ́n. Èyí tó rí oòrùn ò ní èso kankan, ó kàn ń dùn bákan, ó sì korò nígbẹ̀yìn. Etí ọtí náà nínú gíláàsì ti di àwọ̀ ilẹ̀. Ìyá kan náà ló bí wọn, ọ̀nà ló ya wọ́n. Ìdí rèé tí mo fi ń pariwo. Tẹ́ ẹ bá fi igò tó gba oòrùn wé igò tó gba ibi tútù, ẹ ò fi Faransé wé South Africa rárá. Ọ̀nà Èkó sí Àkúrẹ́ lẹ fi wé fíríìjì.

Tó bá jẹ́ Èkó lẹ ti fẹ́ rà á, ẹ kó o sínú kúlà, ẹ fi yìnyín tẹ́ ẹ wé sínú ọ̀rá sí i, kẹ́ ẹ sì kúrò kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Ẹ má kó ju mẹ́fà lọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má baà ní títà lẹ fẹ́ tà á. Tó bá sì jẹ́ Àkúrẹ́ níbí, ẹ má mú èyí tó wà lójú gíláàsì lẹ́nu ọ̀nà, kódà kó dín owó. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń pa ẹ̀rọ amúlétutù lálẹ́. Wáìnì funfun inú igò tí kò ní àwọ̀, ìmọ́lẹ̀ nìkan tó láti bà á jẹ́.

Ẹ fi àkọlé pamọ́. Èyí ṣe pàtàkì tó ọ̀rọ̀ oòrùn. Ẹni tí kò ní mu níbẹ̀ ni kó wé igò kọ̀ọ̀kan sínú bébà, kó kọ nọ́ńbà sí i. Ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún ọdún 1976, Steven Spurrier, oníṣòwò wáìnì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe irú ẹ̀ ní Paris, ó fi wáìnì California ní Amẹ́ríkà sáàárín ti Faransé, àwọn adájọ́ mẹ́sàn-án tí gbogbo wọn jẹ́ ọmọ Faransé ń tọ́ ọ wò láìrí àkọlé. California ló gba ipò kìíní nínú pupa àti nínú funfun. Ní ọdún 2001, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde láti Bordeaux: wọ́n po aró pupa tí kò ní òórùn mọ́ wáìnì funfun, wọ́n gbé e fún akẹ́kọ̀ọ́ 54 tó ń kọ́ nípa wáìnì. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń lò fún pupa ni wọ́n fi ṣàpèjúwe ẹ̀. Tí ojú bá lè tan àwọn wọ̀nyẹn jẹ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé imú yín ò gbọ́n.

Lórí èyí tẹ́ ẹ máa rà: ẹ mú irú àjàrà kan, kẹ́ ẹ wá a láti ilẹ̀ mẹ́ta. Fún funfun, Sauvignon Blanc ti Sancerre ní Faransé, ti Marlborough ní New Zealand, àti ti Stellenbosch. Fún pupa, Cabernet Sauvignon ti Stellenbosch, ti Chile, àti Bordeaux. Faransé kì í sábà kọ orúkọ àjàrà sára igò, orúkọ ilẹ̀ ni wọ́n ń kọ. Sancerre funfun yẹn, Sauvignon Blanc ni, Chablis náà sì rèé, Chardonnay ni. Nínú Bordeaux, wọ́n sábà ń po Cabernet mọ́ àjàrà mìíràn tó ń jẹ́ Merlot, torí náà ẹ bèèrè èyí tí Cabernet pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ilẹ̀ tútù máa ń jẹ́ kó kan bí ọsàn wẹ́wẹ́, ilẹ̀ gbígbóná máa ń jẹ́ kí èso pọ́n dáadáa, ọtí inú ẹ̀ á sì le sí i. Mímú ẹnu gbẹ tí mo fi wé obì yẹn, èèpo àjàrà ló ti wá: wọ́n ń jẹ́ kí èèpo wà nínú pupa nígbà tó bá ń hó di ọtí, wọ́n sì ń fún funfun kúrò lára èèpo kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Tẹ́ ẹ bá mọ ìyẹn, ẹ ti mọ púpọ̀.

Ẹ fi Pinotage sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Àjàrà dáadáa ni o, ọmọ tí Pinot Noir àti Cinsaut bí ni, Stellenbosch ni ọ̀jọ̀gbọ́n kan nípa àjàrà, Abraham Perold, ti ṣe é ní ọdún 1925. Ṣùgbọ́n òmíràn nínú ẹ̀ máa ń rùn bí èéfín láìjẹ́ pé ohunkóhun ṣe é, ẹ ò ní mọ èyí tó jóná yàtọ̀. Tẹ́ ẹ bá sì ṣí igò kan tó ń rùn bí páálí tí òjò pa, ẹ má dá oòrùn lẹ́bi, kọ́ọ̀kì tó bàjẹ́ ni. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé ọmọ Oǹdó ni yín, ẹ máa fẹ́ gbé àsun síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ó di ẹ̀yìn. Ata àti ọtí máa ń mú ara wọn gbóná lẹ́nu, pupa tó bá le á wá dà bí iná. Búrẹ́dì tí kò dùn àti omi ni kó wà lórí tábìlì títí gbogbo igò á fi yí ká. Kí ẹnikẹ́ni má fín lọ́fíńdà wá. Ẹni tó máa wa ọkọ̀ padà sí Oǹdó lálẹ́ gbọ́dọ̀ máa tu ú sínú kọ́ọ̀bù, kó má gbé e mì.

Mo ti gbàgbé iye igò. Igò kan jẹ́ 75 sẹ́ńtílítà. Tẹ́ ẹ bá bu 5 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yin mẹ́jọ á mu 40, á ṣì ku èyí tẹ́ ẹ máa padà tọ́ wò lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti jiyàn tán. Igò mẹ́fà tó, kí ẹyọ kan wà ní ìpamọ́ nítorí kọ́ọ̀kì tó bàjẹ́. Ẹ gbé funfun sínú fíríìjì wákàtí méjì, ẹ gbé pupa náà sí i fún bí ogún ìṣẹ́jú, torí ooru Àkúrẹ́ ti pọ̀ jù fún un. Mo ní gíláàsì mẹ́wàá tí ẹnu wọn kéré ju inú wọn lọ, irú èyí tí òórùn kì í fò jáde nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti mú ọjọ́, ẹ jẹ́ kí n gbọ́, màá gbé wọn wá bá yín. Màmá ológùrọ̀ náà ti ní àwọn á tẹ̀ lé mi.