Ẹ̀gbọ́n mi ní aládàámọ̀ ni Póòpù: ṣé ìsàmì ọmọ mi yóò múlẹ̀?

Ìbéèrè

Fadá, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ọ̀ffà ni mo ti ń kọ̀wé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó máa ń ran fadá lọ́wọ́ níbi pẹpẹ nígbà tí a wà lọ́mọdé, ti dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń sọ pé kò sí Póòpù mọ́ láti ìgbà tí Pius Kejìlá ti kú ní 1958. Ó ní aládàámọ̀, ìyẹn ẹni tó sẹ́ òtítọ́ ìgbàgbọ́, ni gbogbo àwọn tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀, àti pé ẹni tó bá jókòó síbi Mísà tí wọ́n ti dárúkọ Póòpù ti bá wọn lọ́wọ́ nínú àdámọ̀. Òun ni mo fẹ́ kó ṣe bàbá ìsàmì ọmọ mi, ó sì kọ̀ jálẹ̀. Ìyá wa ń sunkún. Ṣé aládàámọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ni, àbí àwa? Ṣé ìsàmì tí a bá ṣe ní páríìṣì yóò múlẹ̀?

Ìdáhùn

Mo kí yín, mo sì bá Màmá kẹ́dùn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tí kò yẹ kó dúró: ẹ gbé ọmọ lọ sí páríìṣì, ìsàmì rẹ̀ yóò múlẹ̀ ṣinṣin. Omi gidi, ọ̀rọ̀ tó dárúkọ Bàbá àti Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́, àti èrò láti ṣe ohun tí Ìjọ ń ṣe, ni ó ń fìdí ìsàmì múlẹ̀. Láti ọ̀rúndún kẹta ni Póòpù Stephen Kìíní ti bá Cyprian, Bíṣọ́ọ̀bù Carthage, ṣe àríyànjiyàn lórí èyí, ìdúró Póòpù náà ni Ìjọ sì dì mú dòní: ìsàmì tí aládàámọ̀ bá ṣe bó ti yẹ, ìsàmì ni. Nítorí náà, bí ohun tí ẹ̀gbọ́n yín ń sọ tilẹ̀ jẹ́ òótọ́, èyí tí n kò gbà pé ó jẹ́, ìsàmì ọmọ yín kò ní torí rẹ̀ di asán.

Ní ti ọ̀rọ̀ àdámọ̀, òfin 751 nínú ìwé òfin Ìjọ ti 1983 sọ ohun tó jẹ́. Ẹni tó ti ṣe ìsàmì ló lè ṣẹ̀ ẹ́. Ó ní láti sẹ́ òtítọ́ tí Ọlọ́run fi hàn, tí Ìjọ sì ti gbé kalẹ̀ pé a gbọ́dọ̀ gbà gbọ́, tàbí kó máa ṣiyèméjì sí i. Ó sì gbọ́dọ̀ fi oríkunkun ṣe é. Ẹni tó ṣì òtítọ́ mú, tó sì ṣe tán láti gbọ́ àtúnṣe, kì í ṣe aládàámọ̀. Bákan náà ni ẹni tó fẹ́ràn Mísà àtijọ́ ní èdè Látìnì, tó sì ń dùn ún pé Póòpù Francis dín in kù ní 2021. Ìrora irú àwọn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí ó yẹ ká fi ṣe yẹ̀yẹ́, mo sì máa ń bínú nígbà tí àwa àlùfáà bá ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n yín ń ṣe sún mọ́ ìyapa ju àdámọ̀ lọ, nítorí kò sẹ́ pé Kristi fi Póòpù jẹ. Ẹni tó jókòó sórí àga ni kò gbà. Òfin 751 kan náà pe kíkọ̀ láti tẹrí ba fún Póòpù ní ìyapa. Síbẹ̀, èmi kò dá a lẹ́jọ́ nínú ìwé yìí, kí ẹ̀yin náà má ṣe dá a lẹ́jọ́ nínú ilé.

Ó ṣeé ṣe kó ka ọ̀rọ̀ Robert Bellarmine, kádínà àti ọ̀mọ̀wé nípa ìgbàgbọ́, sí yín létí, nítorí orúkọ yẹn kì í kúrò lẹ́nu wọn. Òótọ́ ni pé ẹni mímọ́ náà kọ ọ́ ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún pé Póòpù tí àdámọ̀ rẹ̀ bá hàn gbangba ti pàdánù ipò fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n Cajetan, kádínà àti ọ̀mọ̀wé mìíràn, ti sọ ṣáájú rẹ̀ pé Ìjọ ni yóò yọ ọ́, Bellarmine fúnra rẹ̀ sì tún kọ ọ́ pé èrò tó ṣeé gbà ni pé Póòpù kò tilẹ̀ lè di aládàámọ̀. Èrò àwọn ọ̀mọ̀wé ni gbogbo ìyẹn, kì í ṣe òfin. Òfin 1404 ni ó wà: ẹnikẹ́ni kì í ṣèdájọ́ Àga Àkọ́kọ́, ìyẹn Póòpù. Póòpù Honorius tí wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí, ìgbìmọ̀ gbogbo Ìjọ ló dá a lẹ́bi lórí àdámọ̀ ní 681, lẹ́yìn tó ti kú ní 638. Kì í ṣe ẹnì kan láti inú yàrá rẹ̀. Ní Ọ̀ffà yín níbẹ̀, bí ọba bá ṣe ohun tó bí ará ìlú nínú, ẹnì kan kì í dá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ kó kéde pé Ọlọ́fà kò sí lórí oyè mọ́.

Àwọn tó di àṣà ìgbàanì mú pàápàá kò fohùn ṣọ̀kan. Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Marcel Lefebvre fi ènìyàn mẹ́rin jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Écône, Switzerland, ní ọjọ́ 30 oṣù Okúdù 1988, láìgba àṣẹ Póòpù. Ìyapa ni ẹ̀sùn tí Róòmù fi kàn án, kì í ṣe àdámọ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àlùfáà tó dá sílẹ̀ ṣì ń dárúkọ Póòpù nínú Mísà wọn; Benedict Kẹrìndínlógún mú ìjìyà kúrò lórí àwọn bíṣọ́ọ̀bù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní 2009, Francis sì fún àwọn àlùfáà wọn láṣẹ láti gbọ́ ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn tó ní àga Póòpù ṣófo, bíi ẹ̀gbọ́n yín, wá kọjú ìjà sí wọn lórí dídárúkọ yẹn gan-an. Nínú àdúrà ńlá Mísà Látìnì, àlùfáà á ní òun ń rúbọ “una cum famulo tuo Papa nostro”, ìyẹn pẹ̀lú Póòpù, ìránṣẹ́ Ọlọ́run. Ohun tí ìyẹn ń sọ ni pé inú Ìjọ kan ṣoṣo tí Póòpù jẹ́ olórí rẹ̀ ni ẹbọ náà ti ń gòkè. Kì í ṣe pé a fọwọ́ sí gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ẹ fi sùúrù sọ èyí fún un, kì í ṣe lójú àwùjọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bá mọ̀lẹ́bí Mùsùlùmí jẹun lọ́jọ́ Iléyá kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n yín jẹ oúnjẹ ìsàmì lóun nìkan. Ẹ pè é. Kó wá sílé kó gbé ọmọ, bí kò bá tilẹ̀ wọ ilé Ọlọ́run.

Ní ti bàbá ìsàmì, ẹ wá ẹlòmíràn. Òfin 873 ní ẹnì kan tó, ọkùnrin tàbí obìnrin. Òfin 874 sì ní kó jẹ́ Kátólíìkì tó ti gba ìfìdímúlẹ̀, tó ti pé ọdún 16, tó sì ń gbé ìgbé ayé ìgbàgbọ́. Ẹ mú orúkọ ẹni náà lọ bá fadá yín kí ọjọ́ tó pé. Bí ẹ̀gbọ́n yín bá yí ọkàn padà kó tó dìgbà náà, kó lọ bá fadá sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, nítorí ẹni tó ṣì gbà pé páríìṣì náà kì í ṣe Ìjọ kò lè ṣèlérí níbẹ̀ pé òun yóò tọ́ ọmọ náà dàgbà nínú ìgbàgbọ́ Ìjọ.